Heinrich Barth: ọkùnrin tó dá gun òkè àwọn ànjọ̀nnú

Òkè kan wà nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, níhà àríwá ìlú Ghat, ní gúúsù Líbíà, kò jìnnà sí ààlà Àlùjéríà. Idinen ni àwọn Tuareg ń pè é. Orúkọ tí àwọn Lárúbáwá fún un túmọ̀ sí ààfin àwọn ànjọ̀nnú. Ẹni tó bá ti òkèèrè wò ó á mọ ìdí rẹ̀: òkúta rẹ̀ dìde ṣánṣán láti inú ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó rí bí odi ìlú àtijọ́ tó ní ilé ìṣọ́ lórí, àfi bíi pé ẹnì kan ló fọwọ́ mọ ọ́n. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gùn ún. Wọ́n ní àwọn ànjọ̀nnú ló ni ín, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Agẹmọ ọdún 1850, ọkùnrin ará Jámánì kan gbé àpò omi kọ́ èjìká, ó sì dá gba ibẹ̀ lọ. Heinrich Barth lorúkọ rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Kánò, tàbí ti Bọ̀nú, tàbí ti Agadez, kò lè ṣe é kó má ṣí ìwé ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ìwé ọ̀hún má wáyé rárá, torí òkè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà tí ìrìn àjò rẹ̀ ò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ.

Àwa tá a ka ìwé ní èdè Faransé, René Caillié ni wọ́n máa ń sọ fún wa tí ọ̀rọ̀ Timbuktu bá délẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Caillié débẹ̀ ní 1828, ó sì padà wálé láàyè. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò nínú ìlú náà. Nígbà tó délé, àwọn kan ní irọ́ ló ń pa. Barth tó débẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wá jẹ́rìí sí i pé òótọ́ lọ̀rọ̀ Caillié. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ náà dé etí àwọn ọmọ wa.

Hamburg ni wọ́n bí i sí, ìlú èbúté ńlá ní àríwá Jámánì, ní ọjọ́ 16 oṣù Èrèlé ọdún 1821. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ là. Ọmọ náà kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré púpọ̀. Ìwé ló ń kà, bí kò bá sì kàwé, á máa ṣe eré ìdárayá kí ara rẹ̀ lè le. Ó lọ sí yunifásítì ní Berlin. Níbẹ̀ ló ti pàdé Carl Ritter, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá tó sọ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé di ohun tó dà lónìí. Ní 1844, ó gba oyè dókítà lórí òwò àwọn ará Kọ́ríńtì láyé àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ó lọ kọ́ èdè Lárúbáwá ní London, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta rìn yí etí òkun Mẹditaréníà po, láti Mòrókò títí dé Íjíbítì, ó dé ilẹ̀ Palẹsítínì, ó dé Tọ́kì. Àwọn olè dá a lọ́nà níbi tó ti ń wọ Íjíbítì, wọ́n ṣe é léṣe, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kò tìtorí ìyẹn padà sílé.

Ó délé tán, ó di olùkọ́ ní yunifásítì Berlin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò sì wá síbi ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ nǹkan púpọ̀ ni, àmọ́ kò mọ bí a ti í fi ọ̀rọ̀ fa èèyàn mọ́ra. Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá onímọ̀ tó máa tẹ̀ lé James Richardson wọ inú Sàhárà. Richardson fẹ́ kí òwò ẹrú dópin. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí wọ́n bá àwọn ọba apá ibẹ̀ ṣe àdéhùn òwò mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ritter dárúkọ Barth. Bàbá Barth ní kò ní lọ. Wọ́n wá fi ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn rọ́pò rẹ̀, Adolf Overweg, onímọ̀ nípa òkúta àti ìràwọ̀. Nígbà tọ́rọ̀ yanjú, àwọn méjèèjì ló lọ.

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ̀nà 1850, wọ́n kúrò ní Tripoli. Wọ́n gé ọkọ̀ ojú omi kan sí wẹ́wẹ́, wọ́n dì í sórí ràkúnmí, pé tí àwọn bá dé adágún Chad àwọn á tún un tò. Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi nínú aṣálẹ̀! Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà dé ọ̀hún lóòótọ́, Overweg sì wà á lórí adágún náà ní 1851. Àwọn òyìnbó mẹ́ta yìí ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ o. Àgọ́ Richardson lọ́tọ̀, àgọ́ àwọn ará Jámánì lọ́tọ̀.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó gbé Barth gun òkè, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Agẹmọ, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti Murzuk, wọ́n gba àfonífojì kan kọjá, ó sì rí àwòrán tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára òkúta. Màlúù ni, ọ̀pọ̀ màlúù, àti àwọn tó ní ara ènìyàn àti orí ẹranko. Barth dúró, ó yà wọ́n sínú ìwé rẹ̀. Ó kíyè sí ohun kan: kò sí ràkúnmí níbẹ̀. Ó ronú pé àwọn tó gbẹ́ àwòrán yìí ò mọ ràkúnmí, pé màlúù ni wọ́n ń sìn, màlúù kì í sì í gbé níbi tí koríko àti omi ò sí. Ó ní láti jẹ́ pé ilẹ̀ náà tutù nígbà kan rí. Lónìí, gbogbo onímọ̀ ló mọ̀ pé Sàhárà ti hu koríko rí. Ní 1850, ọ̀rọ̀ tuntun ni.

Nítorí náà, bó ti rí òkè Idinen lókèèrè, tó sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó dá a lójú pé ibi tí àwọn èèyàn bẹ̀rù tó báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúbọ àwọn ará àtijọ́, pé àwòrán tàbí ìkọ̀wé á wà lórí rẹ̀. Ó bẹ àwọn Tuareg tó ń darí wọn pé kí wọ́n fún òun ní amọ̀nà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọn ò gun ilé ànjọ̀nnú, wọn ò sì fẹ́ kí àlejò wọn gùn ún. Èyí tó yẹ kó tún dá a dúró ni pé Richardson fúnra rẹ̀ ti lọ síbẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wá sí Ghat ní bí ọdún mẹ́rin ṣáájú. Nígbà tó ń padà, ó ṣìnà, òru ṣú mọ́ ọn nínú iyanrìn, orí ló kó o yọ. Barth mọ ìtàn yìí. Ó ṣì lọ.

Láàárọ̀ kùtù ló jáde. Ó mú àpò awọ tí omi wà nínú rẹ̀, ó mú dàbínù àti bísíkíìtì gbígbẹ, ó mú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà kankan tó lọ síbẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ tó lè tọ̀. Ó kàn kọjú sí òkúta náà, ó ń lọ, ó sì rò pé kí ọjọ́ tó rọ̀ òun á ti padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun.

Láti àgọ́, òkè náà dà bí ohun tí èèyàn lè nawọ́ kàn. Ẹ̀tàn aṣálẹ̀ nìyẹn. Nílẹ̀ tiwa níbí, ọ̀rinrin àti eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kí ohun tó jìnnà rí bàìbàì, ojú á sì mọ̀ pé ó jìnnà. Ní Sàhárà, bí ìjì iyanrìn ò bá jà, afẹ́fẹ́ mọ́ rekete, kò sí igi, kò sí ilé láàárín tí ojú á fi díwọ̀n. Barth rìn, ó rìn, òkè ò sún mọ́ ọn. Ó la ilẹ̀ tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ kọjá. Ó rò pé òun ti dé ìdí òkè, àfi bó ṣe rí i pé àfonífojì jíjìn kan tún wà láàárín. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, kó tún pọ́n jáde lódì kejì. Àgbọ̀nrín aṣálẹ̀ méjì ni ohun abẹ̀mí tó rí lọ́nà. Oòrùn ti ń gorí.

Ó wá gun òkúta náà. Ibẹ̀ ga, ó dúró gọ́ngọ́, kò sì sí ibi tí ẹsẹ̀ rọrùn sí. Nígbà tó jàjà dé ṣóńṣó orí rẹ̀, ó rí i pé orí náà tín-ín-rín, bí orí ògiri. Ó wá àwòrán, kò sí. Ó wá ìkọ̀wé, kò sí. Òkúta lásán ni.

Láti ibẹ̀, ó rí gbogbo ayé. Ó rí àfonífojì tó na gbọọrọ, ó rí òkè ìyókù, ó rí iyanrìn títí dé ibi tí ojú ò ti lè ríran mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni kò rí: àgọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò rí ràkúnmí kan, kò rí èéfín. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, ọ̀rọ̀ náà kì í dùn létí àlejò, ṣùgbọ́n èmi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá ọkùnrin yìí mu lórí òkè lọ́jọ́ náà.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó dùbúlẹ̀ nínú oòrùn, torí òjìji tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ó fẹ́ jẹun, dàbínù àti bísíkíìtì ò gba ọ̀nà ọ̀fun. Oúnjẹ gbígbẹ ń bèèrè itọ́, itọ́ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó mu díẹ̀ nínú omi tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ànjọ̀nnú ló ń bà á lẹ́rù o. Ó rò pé bí àwọn ènìyàn òun bá rò pé òun ti lọ síwájú, wọ́n á ṣí kúrò, wọ́n á fi òun sílẹ̀. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tó ti ṣàṣìṣe tó burú jù lọ nìyí, lójú tèmi. Kò padà gba ibi tó gbà gòkè. Ó tẹ̀ lé ipa àgbàrá kan tó gbẹ, ó rò pé ìyẹn á gbé òun dé inú àfonífojì kíákíá. Lórí òkè, èèyàn ń wo ilẹ̀ bí ẹní wo ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló hàn. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sínú pàlàpálá òkúta, kò rí ju ògiri méjì tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì lọ, pàlàpálá kan sì jọ èkejì. Kó tó dé ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ ti tán. Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù Agẹmọ, ní Sàhárà.

Ó yìnbọn, pé bóyá ẹnì kan á gbọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gun ibi gíga kan, ó wò, kò rí nǹkan kan. Ó rí àwọn ahéré kéékèèké, ó sáré débẹ̀, wọ́n ṣófo. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi kan tó dá wà níbẹ̀. Ó fẹ́ ṣa igi jọ kó dá iná kí wọ́n lè rí i, agbára àtidìde ò sí. Iba ti mú un. Lóru, ó rí iná ńlá kan lọ́nà jíjìn, nínú àfonífojì. Iná àwọn ènìyàn rẹ̀ ni! Ó fi ìbọn yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ìró rẹ̀ lọ, ó pòórá. Iná náà ń jó lọ́hùn-ún, kò sì lè rìn débẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Oòrùn yọ, èyí tó ti ń retí pé á jẹ́ kí wọ́n rí òun, oòrùn náà gan-an ló wá fẹ́ pa á. Igi tó sùn sábẹ́ rẹ̀ ò ní ewé púpọ̀, òjìji rẹ̀ tínrín. Bí oòrùn bá ti yí, Barth á fa ara rẹ̀ nílẹ̀ tẹ̀ lé òjìji náà, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ọ̀sán. Nígbà tí òùngbẹ pọ̀ ju ohun tó lè fara dà, ó mu lára ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kò fi bò. Lẹ́yìn náà, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nínú àgọ́, ìdààmú ti dé. Overweg náà ti lọ síbi òkè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun padà lálẹ́. Barth ò padà. Richardson ní kí wọ́n wá a, ó ṣèlérí owó fún ẹni tó bá rí i. Lára àwọn tó jáde lọ ni Tuareg kan lórí ràkúnmí. Ọkùnrin yìí ò gun òkè kankan láti wo ayé. Ilẹ̀ ló ń wò. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ èèyàn kì í hàn, ṣùgbọ́n níbi tí iyanrìn bá wà, á hàn. Ó rí ipa ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó tọ̀ ọ́.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Barth gbọ́ igbe ràkúnmí. Ó wí nígbà tó yá pé kò sí orin tó dùn létí òun tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé orí sókè, ó rí ọkùnrin náà tó ń kọjá lọ díẹ̀díẹ̀, tó ń wò kiri. Ó la ẹnu rẹ̀ tó ti gbẹ, ó ké fún omi, ní èdè àwọn Tuareg: aman, aman. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó bomi wẹ̀ ẹ́ lórí, ó fún un mu, ó gbé e sórí ràkúnmí, ó gbé e padà sílé.

Fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀fun Barth ò gba oúnjẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ yá lọ́nà tó ya gbogbo wọn lẹ́nu, wọ́n sì wọ Ghat.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mi ò ní sọ pé ọjọ́ méjì yìí sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Olórí kunkun ni wọ́n bí i, olórí kunkun ló kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rìn láti ìgbà náà lọ. Ní Aïr, àwọn kan halẹ̀ mọ́ wọn pé àwọn á pa wọ́n tí wọn ò bá gba Ìsìláàmù. Wọn ò gbà, ẹrù ni wọ́n fi ra orí ara wọn. Lẹ́yìn èyí, Barth fẹ́ dé Agadez, ìlú tí ará Yúróòpù kankan ò tíì kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni tó fojú rí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dá lọ. Ó dúró de ọ̀rọ̀ Annur, olóyè àwọn Tuareg níbẹ̀, ó sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ rìn. Nínú oṣù Ọ̀wàrà 1850, ó wọ Agadez, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi sultan tuntun jẹ. Ó ń kọ́ èdè ní gbogbo ibi tó bá dé: Haúsá, Kanúrí, Fúlàní, èdè àwọn Tuareg. Ó gba orúkọ Abd el-Karim. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò tó ti rìn ọ̀nà kan lọ tó rìn ín bọ̀ ló ti máa ń bèèrè bí ọ̀nà náà ti rí, ibi tí omi wà, iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń rìn ín, á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Abèèrè ò kúkú ní í ṣìnà. Ọ̀pọ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ tó yà, ẹnu àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló ti jáde.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1851, àwọn mẹ́ta pínyà, wọ́n ní àwọn á pàdé ní Kukawa, olú ìlú Bọ̀nú. Barth gba Katsina àti Kánò lọ. Ní Kánò, ó rí ọjà tó ya á lẹ́nu. Ó kọ̀wé nípa aṣọ aró tí wọ́n ń hun, tí wọ́n ń pa láró níbẹ̀, tó sì ń dé Timbuktu níhà kan, tó ń dé Ghat àti Tripoli níhà kejì. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń rẹ aró á gbádùn ojú ewé wọ̀nyẹn.

Richardson ò dé Kukawa. Ó kú lọ́nà ní ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ̀nà 1851. Barth gba ipò olórí. Overweg kú ní oṣù Owéwe 1852, lẹ́bàá adágún Chad, ọmọ 30 ọdún. Barth ló kù.

Láàárín ikú méjèèjì yìí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó kan ìran Yorùbá tààrà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù 1851, bó ti ń lọ sí Yola, Barth dé etí odò Benue, níbi tí odò Faro ti ń wọ inú rẹ̀. Ó wo bí odò náà ti gbòòrò tó, ó sì kọ̀wé sí London pé òun gbà pé odò yìí ló ń lọ pàdé Ọya, pé ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ láti òkun wọ àárín ilẹ̀. Gómìnà Yola ò gbà kó dúró, ó dá a padà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi rán ọkọ̀ Pleiad jáde ní 1854, lábẹ́ dókítà Baikie, pé kó gun Benue, kó sì wá Barth wò. Nínú ọkọ̀ yẹn ni Samuel Àjàyí Crowther wà, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà ọmọdé, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ìwé lórí ìrìn àjò náà. Kíníní tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kò jẹ́ kí ará Yúróòpù kankan kú nínú ọkọ̀ náà, ohun tí irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Wọn ò rí Barth ṣá o. Ó ti ń padà bọ̀ láti Timbuktu.

Mo ti sáré fo Bagirmi, tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n sí i lẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ní 1852, torí wọ́n rò pé amí ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè fo ọkùnrin tó pàdé níbẹ̀. Fàkí Sambo ni, afọ́jú, Fúlàní, tó ti ka ìwé Aristotle àti Plato ní èdè Lárúbáwá. Barth máa ń lọ jókòó tì í, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Èyí ṣẹlẹ̀ ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ní Yúróòpù gbà pé kò sí ìwé níbẹ̀ rárá.

Ní oṣù Bélú 1852, ó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Ní Gwandu, ó rí ìwé ìtàn àwọn ọba Songhay, ó jókòó tì í fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó da ohun tó lè dà kọ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti kọ́kọ́ mọ ìtàn Gao àti ti Askia dáadáa. Ní oṣù Òkúdù 1853, ó sọdá Ọya ní Say. Say yìí wà nísàlẹ̀ Niamey díẹ̀, omi kan náà tó ṣàn kọjá níbẹ̀ ló ń ṣàn bọ̀ wá sí Malanville, lórí ilẹ̀ Benin wa níbí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Owéwe 1853, ó wọ Timbuktu. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ọmọlẹ́yìn Kristi ni. Ọba Masina, tó ní àṣẹ lórí ìlú náà nígbà yẹn, ní kí wọ́n lé e tàbí kí wọ́n pa á. Ẹni tó dá a dúró ni Ahmad al-Bakkai, sheikh àwọn Kunta, onímọ̀ ńlá nínú Ìsìláàmù. Al-Bakkai ní àlejò òun ni, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ó kọ lẹ́tà sí ọba Masina, ó fi ìwé ẹ̀sìn tako o. Nígbà tí ewu pọ̀ nínú ìlú, ó mú Barth jáde lọ sí àgọ́ rẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Barth ń padà ní 1854, al-Bakkai fúnra rẹ̀ sìn ín dé ọ̀nà jíjìn lẹ́bàá odò.

Ní Yúróòpù, wọ́n ti ní ó kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ 1854, nínú igbó kan lọ́nà Zinder, Barth rí òyìnbó kan tó ń bọ̀ lórí ẹṣin. Eduard Vogel ni, ọ̀dọ́ ará Jámánì tí wọ́n rán láti wá kún wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ nínú igbó, wọ́n sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì, oníkálùkù sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Wọ́n tún rí ara wọn ní Kukawa, ṣùgbọ́n wọ́n pa Vogel ní Wadai lẹ́yìn náà.

Barth dé London ní oṣù Owéwe 1855. Ó ti rin ohun tó lé ní 16,000 kìlómítà. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1857 àti 1858, apá márùn-ún, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ ayé ní London ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ìwé náà kò tà bíi ti Livingstone. Ó wúwo, ó gùn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí kìnnìún nínú rẹ̀. Ó ń sọ nípa àwọn ọba tó ní ìtàn, àwọn alùfáà tó ní ìwé, àwọn oníṣòwò tó mọ ìṣirò. Kì í ṣe ohun tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fẹ́ gbọ́ nípa Áfíríkà nìyẹn.

Wọ́n tún fi ẹ̀sùn kàn án. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin méjì bọ̀ láti ìrìn àjò náà, Dorugu, ọmọ Haúsá, àti Abbega, tí Overweg ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Àwọn kan ní London ní ẹrú ló kó wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, òun tó ti tìtorí ìparí òwò ẹrú kúrò nílé. Àwọn méjèèjì padà sí Áfíríkà ní tiwọn. Dorugu sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àlùfáà Schön ní èdè Haúsá, ó wà nínú ìwé tí Schön tẹ̀ jáde ní 1885. Ó di olùkọ́ ní Kánò ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀.

Barth padà sí Berlin. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní iṣẹ́ gidi ní yunifásítì. Ní 1863 ló tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ ayé níbẹ̀. Kò gbéyàwó, kò bímọ. Inú tó ti ń dà á láàmú ló pa á, ní ọjọ́ 25 oṣù Bélú ọdún 1865. Ọmọ 44 ọdún ni. Ìwé ọ̀rọ̀ àwọn èdè tó kọ́ lọ́nà ló wà níwájú rẹ̀ nígbà náà, Kanúrí, Haúsá, Fúlàní, Songhay àti àwọn mìíràn. Apá kan rẹ̀ ti jáde láti 1862. Kò ráyè parí ìyókù.